Ọdún Tí Ewé Tòmátì Ìyá Mi Di Wàláà

Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá dé ọgbà ẹnikẹ́ni, n kì í wo èso, ewé ni mo máa ń yẹ̀ wò. Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Lọ́jọ́ kan báyìí, a ń ti Ọ̀fà Garage bọ̀, mo ní kí ọmọ mi tó ń wa mọ́tò dúró nítorí tòmátì tí ẹnì kan gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọ̀pá tilẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣí ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin onílé jáde, ó ní, "Màmá, ẹ kú ọ̀sán o, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní, "Kò sí o, ẹnì kan tí mo mọ̀ ni mò ń wá." Ó wo ọmọ mi, ọmọ mi wo ilẹ̀, ojú tì í. Ṣùgbọ́n mo rí ẹni tí mò ń wá. Lára ewé tó sún mọ́ ilẹ̀ jù, ìlà funfun tín-ín-rín kan wà níbẹ̀, ó lọ síwájú, ó ṣẹ́rí padà, ó lọ́ pọ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń kọ nǹkan tí kò tíì mọ̀ ọ́n kọ. Mo já ewé náà, mo ní kí obìnrin náà gbẹ́ ilẹ̀ kó jìn dáadáa, kó rì í síbẹ̀, kó má sọ ọ́ sórí ààtàn. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá," bí èèyàn ṣe máa ń dá arúgbó lóhùn kí arúgbó lè máa lọ. Ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Ọdún kan wà tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi, ìyá mi tó wà láàyè, tí orí kò fọ́, tí ẹsẹ̀ kò dùn.

Ilé wa nígbà yẹn, ariwo ló fi ń jí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá, ládàánì á ti pe ìrun. Wọn ò ní tíì kí ìrun tán dáadáa tí àwọn ọmọ kéú á ti tú sí iwájú ilé pẹ̀lú wàláà wọn, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń kọ kéú sí. Oníkálukú á máa ké tirẹ̀ lóhùn tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè, Bàbá Àgbà á gbọ́ ọ láti inú yàrá, á sì wúkọ́. Ikọ́ yẹn burú ju pàṣán lọ. Bàbá Àgbà ni ó bí bàbá mi. Àáfà ni, òun ló ni ilé, òun ló ni ilé kéú. Ní ilé kejì, àwọn ahunṣọ á jókòó ti òfì wọn, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, títí oòrùn á fi mú. Àwọn obìnrin Fúlàní á kiri wàrà kọjá lójúde. Òórùn tàdáwà, ìyẹn omi dúdú tí a fi ń kọ wàláà, á pa pọ̀ mọ́ òórùn àkàrà tí wọ́n ń dín lẹ́yìnkùlé. Títí di òní, bí imú mi bá gbọ́ òórùn àkàrà, ẹ̀rù á kọ́kọ́ bà mí díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ ní kí n wá ka ẹ̀kọ́ àná fún òun.

Ìyá Ńlá ni ẹ̀gbọ́n Bàbá Àgbà. Òun nìkan ló ń fi orúkọ pe Bàbá Àgbà nílé yẹn, tí Bàbá Àgbà á sì jẹ́ "Ẹ̀gbọ́n mi" bí ọmọdé. Opó ni, ó ti dàgbà gan-an, ojú rẹ̀ kan ti ń fọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ti ka Àlùkùránì parí láti ìgbà tó wà lọ́mọge, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí o bá kí i, á dá ọ lóhùn pẹ̀lú àyá kan, ìyẹn ẹsẹ Àlùkùránì, á wá bi ọ́ pé inú súúrà wo ló wà. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, o ò ní jẹ wàrà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá Kékeré ní tirẹ̀ ni àbúrò bàbá mi. Ó ga, ó lóhùn bí agogo, ó fẹ́ràn ẹṣin rẹ̀ débi pé àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì máa ń sọ pé bí ẹṣin náà bá mọ ọbẹ̀ lúrú í sè, òun ni ì bá jẹ́ ìyáálé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń gbé mi sí èjìká lọ wo ọkọ̀ ojú irin ní tésàn nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ ohun ìyanu lójú wa, á sì máa bá mi pariwo lé e lórí.

Bàbá mi kú ní ìgbà òjò tó ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ìyá mi, tí í ṣe ọmọ Ọ̀fà, ṣe opó rẹ̀ pé, ó jáde opó, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ míì. Nígbà tó yá, wọ́n pe ìpàdé ilé lórí rẹ̀. Bàbá Kékeré ló fẹ́ fẹ́ ẹ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí ìyàwó má baà kúrò nínú ẹbí. Kò sí ìbàjẹ́ nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fi ipá mú un. Ìyá mi kúnlẹ̀ láàrín wọn, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Inú rere ni ẹ fi bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa tọ́ ọmọ mi." Bàbá Kékeré họrí, ó ní, "Ṣé àwọn méjì tó wà nílé kò tíì yọ mí lẹ́nu tó ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó, kí ni o máa máa jẹ?" Ìyá mi ní àkùrọ̀ bàbá Àṣàkẹ́ wà létí odò Àsà, òun á dá a. Èmi ni Àṣàkẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ pé Bàbá Kékeré náà ti tọrọ ilẹ̀ yẹn, ó fẹ́ fi gbin àlùbọ́sà, kó sì máa gé koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹṣin.

Bàbá Àgbà ro ó fún ìgbà díẹ̀, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ. Bí ó bá bọ́ ọ títí òjò fi dé, kò sẹ́ni tó máa bá ọ sọ̀rọ̀ ọkọ mọ́ nínú ilé yìí. Bí kò bá bọ́ ọ, yálà kí o gba àbúrò ọkọ rẹ, tàbí kí o padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ l'Ọ́fà, kí wọ́n fi ọ́ fọ́kọ. Obìnrin kò lè máa jókòó lórí àánú." Kò dárúkọ mi. Kò nílò rẹ̀. Ọmọ ilé ni mí, ọmọ ilé kì í bá ìyá lọ. Ìyá Ńlá kàn gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ rẹ̀ sì wúwo. Ìyá mi kò ní gba Bàbá Kékeré, mo mọ̀ ọ́n, ó le bí òkúta bó bá ti sọ̀rọ̀. Nítorí náà, tòmátì ni yóò sọ bóyá mo ní ìyá nílé tàbí n kò ní.

Ẹ má rò pé irú tòmátì bọ̀ọ̀lì-bọ̀ọ̀lì tí ẹ ń rà ní àdúgbò Post Office nísinsìnyí ni o. Tiwa kéré, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó sì ní ìlà lára bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn baba wa. Ìyá mi yan tòmátì nítorí pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní tésàn ń bèèrè rẹ̀, àti pé àwọn obìnrin ilé ti ń fẹ́ràn rẹ̀ nínú ọbẹ̀. Ẹ̀yìn ilé wa ló dà lọ sí odò Àsà, ibẹ̀ ni àkùrọ̀ náà wà, ilẹ̀ dúdú tó máa ń di omi mú nígbà tí gbogbo ibòmíràn bá ti là. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti mu kókó, ìyẹn ẹ̀kọ gbígbóná, tí a sì jẹ mósà, a ó gbé igbá, a ó máa bu omi Àsà, a ó máa dà á sí ìdí tòmátì, kì í ṣe sórí ewé. Ìyá mi á ní, "Ìdí, Àṣàkẹ́, ìdí! Ta ló ń fi omi wẹ orí rẹ nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́?" Á fi igi ti àwọn tó bá ti wúwo, á tẹ́ koríko gbígbẹ sí abẹ́ wọn kí oòrùn má baà gba omi. Mo máa ń lé adìẹ. Ìyá Ńlá á fọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ wá, á jókòó sí abẹ́ igi, á máa ka tẹ̀sùbáà, á sì máa sọ fún wa pé a kò ṣe é dáadáa. Bí mo bá rántí àárọ̀ wọ̀nyẹn, inú mi máa ń dùn ṣáá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rù wà lábẹ́ rẹ̀. Òdòdó yẹ́lò kéékèèké ti yọ, ìyá mi ti ń kọrin.

Ìgbà náà ni ìlà funfun dé. Lákọ̀ọ́kọ́, ewé ìsàlẹ̀ mélòó kan ni. Ìyá mi rò pé ìgbín ló ń gorí rẹ̀ kọjá, ó ní kí n máa wá ìgbín. Mo wá ìgbín títí ọrùn fi dùn mí, n kò rí. Ó fi ìka nu ìlà náà, kò pa rẹ́. Ó yí ewé sódì, ó nu ibẹ̀ náà, kò pa rẹ́. Ìlà náà kò sí lórí ewé, kò sí lábẹ́ ewé, inú ewé gan-an ló wà, láàrín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀. Ó ku eérú sí i lára. Eérú kò ṣe nǹkan kan ju pé ó sọ gbogbo ọgbà di arúgbó. Ìlà wá ń pọ̀ sí i, ewé ń gbẹ láti etí, òdòdó ń já sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já èyí tó burú jù, ó ń jù ú sí àárín ebè, a sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ọmọ-ọmọ mi tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ṣàlàyé fún mi láìpẹ́ yìí pé eṣinṣin bíńtín kan ló ń yé ẹyin sínú ewé, ọmọ rẹ̀ á máa jẹ inú ewé lọ, bó bá yó tán á já bọ́ sílẹ̀, á wọnú erùpẹ̀, á tún di eṣinṣin. Nítorí náà, ewé tí a jù sí àárín ebè yẹn, àfi bí ìgbà tí a gbé olè kúrò ní yàrá tí a fi í sí pálọ̀. A kò mọ̀. Ẹ̀rù wá ba ìyá mi, ó já ewé kan tí ìlà rẹ̀ hàn kedere, ó gbé e tọ Ìyá Ńlá lọ lábẹ́ igi. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tó ń ṣe ewé mi."

Ìyá Ńlá gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀ tó ń ríran. Ó gbé e sókè kí oòrùn lè là á já. Ó ní, "Sùbúhánàlláhì! Ìyàwó, ta ló kọ èyí?" Ìyá mi ní kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ìyá Ńlá ní, "Álífù nìyí. Lámù nìyí, lámù kejì nìyí. Háù ló parí rẹ̀ yìí. Orúkọ Ọlọ́run ni! Orúkọ Ọlọ́run ni o, nílé wa níbí!" Ó pè mí, ó ní kí n wò ó. Mo ti ń ka kéú díẹ̀ nígbà náà. Mo wò ó, mo sì rí i. Títí di òní, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti mọ̀, n kò lè sọ fún yín pé n kò rí i. Ìyá Ńlá wá bèèrè ibi tí àwọn yòókù wà, ojú rẹ̀ bá bọ́ sí àárín ebè, níbi tí ẹsẹ̀ wa ti lọ̀ wọ́n mọ́ ẹrẹ̀. Ó figbe ta. "Orúkọ Ọlọ́run ni ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀?" Ìyá mi wó lulẹ̀ sórí orúnkún, ó ń tọrọ àforíjìn. A ṣa díẹ̀ tó ṣeé ṣà, a fọ̀ ọ́, Ìyá Ńlá gbé e sínú igbá funfun lọ sí yàrá rẹ̀. Ó wá pàṣẹ pé láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ewé kankan nínú ọgbà náà mọ́, kí wọ́n má fi bàtà wọ ibẹ̀.

Bàbá Àgbà kò sí nílé. Ó ti lọ ṣe wáàsí ní Òṣogbo, àwọn èèyàn ibẹ̀ kò sì jẹ́ kó tètè bọ̀. Bàbá Kékeré ló ń ṣe olórí ilé. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó, orí rẹ̀ wú. Àwọn obìnrin ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá wá, wọ́n ń tọrọ omi tí wọ́n fi fọ ewé náà kí ọmọ lè mu ún, bí wọ́n ṣe máa ń mu omi wàláà. Àwọn ọmọ kéú ń yọ́ kúrò nídìí ẹ̀kọ́, wọ́n ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ebè. Ọ̀kan rí lẹ́tà mímù, ọ̀kan rí odidi bísímílà. Èyí tó ya ọ̀lẹ jù nínú kéú ní òun rí súúrà tí wọ́n fẹ́ kọ́ òun lọ́la, nítorí náà kò sí ìdí láti tún kọ́ ọ. Bàbá Kékeré gbá ọ̀nà odò, ó dúró síbẹ̀ nínú agbádá, ó ń kí àlejò káàbọ̀. "Ilé wa ni Ọlọ́run yàn o! Ẹ rọra, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé ó mọ ohun tó ń ṣe, pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ náà kú kó lè gba ìyá mi. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá Kékeré kàn fẹ́ràn àlejò ni, kò ro ọ̀rọ̀ já ju ẹnu ọ̀nà lọ.

Ṣùgbọ́n ọgbà ń kú. Ewé tí a kò já di funfun, ó di búráún, ó rọ̀ bí àkísà. Àwọn ebè tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti ìdí dé orí. Ìyá mi kò kọrin mọ́. Ó ń bu omi, ó ń dà á sídìí igi tó ti kú. Lọ́jọ́ kan, a dúró sínú Àsà, omi dé orúnkún mi, ìyá mi gbàgbé igbá sọ́wọ́. Ó ní, "Àṣàkẹ́, bí ó bá jẹ́ orúkọ Ọlọ́run ni, n ò ní jà. Ta ni mo jẹ́? Ṣùgbọ́n ṣé orúkọ Ọlọ́run máa ń pa nǹkan ọ̀gbìn opó?" Mo ní kó jẹ́ kí n bèèrè nílé kéú. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń bọ̀, ó sì di ẹkún kí ó tó parí. Ó wá ní, "Bí mo bá lọ sí Ọ̀fà, wàá máa gbọ́ràn sí Ìyá Ńlá lẹ́nu, àbí? Wàá máa fi òrí pa ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un. Má jẹ́ kí wọ́n fá irun rẹ, orí rẹ máa ń tètè gbóná." Ó ti ń ṣètò bí n ó ṣe máa gbé láìsí òun. Mo di ìró rẹ̀ mú, n kò sì tú u sílẹ̀ títí a fi gòkè délé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ń dà sí mi lára láti inú igbá.

Bàbá Àgbà fi ọkọ̀ ojú irin dé. Kò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n ti fi ìròyìn bò ó, Bàbá Kékeré níwájú, Ìyá Ńlá lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú igbá funfun. Ó tẹ́tí sí wọn, ó ní kí wọ́n mú òun lọ wò ó. Gbogbo wa tẹ̀ lé e, ọmọ kéú, àlejò, ìyàwó ilé. Bàbá Àgbà bọ́ bàtà sí ẹnu ọgbà, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ ti tòmátì kan tó ṣì ń tutù. Kò já ewé. Ó rọra gbé e sókè lórí igi rẹ̀, ó jẹ́ kí oòrùn là á. Ó wò ó pẹ́. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ kéú ni, kì í kánjú bó bá ń wo ìwé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ojú mi ti gbó. Àṣàkẹ́, wá. Tẹ̀ lé ìlà yìí títí dé ibi tó parí sí. Kí lo rí níbẹ̀?" Mo tẹ̀ lé e. Ní òpin ìlà náà gan-an, nínú ewé, nǹkan yẹ́lò bíńtín kan wà, ó ń mi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìlà funfun sì ń gùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kòkòrò kan ni. Ó ń jẹun."

Mo gbójú sókè, mo rí ojú Ìyá Ńlá, àánú rẹ̀ sì ṣe mí lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tó ti ka Àlùkùránì parí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, ó di igbá ewé gbígbẹ mú láàrín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹnì kan ti ń fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàbá Àgbà yíjú sí wọn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ka ohun tó wà níbẹ̀. Èmi náà wò ó, mo kà á. Kòkòrò ló kọ ọ́, kò mọ ohun tó ń kọ, bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ kéú mi yìí." Ẹ̀rín bú jáde, ẹ̀rín náà kò sì kan Ìyá Ńlá. Bàbá Àgbà wá bi í léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ọmọ bá kọ́ ohun tó wà lórí wàláà tán, kí la máa ń ṣe?" Ìyá Ńlá ní, "À ń fọ̀ ọ́ kúrò." "Bí ewé Àlùkùránì bá gbó, tó ya?" "À ń kó o jọ, a kì í jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, à ń gbẹ́lẹ̀ jìn, à ń sin ín síbi tí ẹsẹ̀ kò ní tẹ̀." Bàbá Àgbà ní, "Ó dára. Ṣé ó wá yẹ kí á fi orúkọ Ọlọ́run sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ báyìí, kó gbẹ, kó já bọ́, kí adìẹ máa yàgbẹ́ sí i?" Ìyá Ńlá ronú. Mo rí i tí ara rẹ̀ ń nà padà díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Kò yẹ. Kò yẹ rárá!" Ó yíjú sí wa, ohùn rẹ̀ padà bọ̀ sípò. "Ẹ lọ ṣe àlùwàlá! Ẹ mú aṣọ funfun wá! Gbogbo ewé tó bá ní ìlà, kékeré ni o, ńlá ni o, kó má ku ẹyọ kan, kí ẹyọ kan má sì kan ilẹ̀!"

Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Obìnrin tó ní kí a má já ewé, òun ló wá di ọ̀gá ajáwé. N kò tíì rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fínnífínní bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọmọ kéú pín ebè láàrín ara wọn, wọ́n ń já ewé, wọ́n ń gbé e lé aṣọ funfun pẹ̀lú bísímílà, ìyá mi ń sáré káàkiri láàrín wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tó mọ́ sílẹ̀, oòrùn á sun èso mi!" Bàbá Kékeré bọ́ agbádá, ó gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn ilé, ó gbẹ́ ẹ débi pé a kò rí orúnkún rẹ̀ mọ́. A sin gbogbo rẹ̀, a tẹ erùpẹ̀ lé e. Kò sì tán níbẹ̀. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó lè jókòó ti wàláà, Ìyá Ńlá á kó àwọn ọmọ kéú sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọgbà, á ní kí wọ́n wá ewé tó ní ìlà, bí ó tilẹ̀ kéré bí irun. Ẹni tó bá fojú fo ọ̀kan, á gbọ́ ọ. Ìyá mi ní tirẹ̀ ń fi ọkọ́ tú ojú ilẹ̀ àárín ebè fún oòrùn. Díẹ̀díẹ̀, ìlà ń dín kù. Ewé tuntun yọ láti orí, ó mọ́ tónítóní. Òdòdó dúró, ó di èso.

Ṣùgbọ́n ebè òkè ti kú ná, a kò lè jí i. Èso tó jáde dùn, àwọn ará tésàn rà á, a jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọjọ́ kan wà tí ìyá mi á sọ pé ebi kò pa òun, á sì máa wò mí jẹun. Nígbà tí ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, Bàbá Àgbà pe ilé jọ. Mo jókòó sẹ́bàá ògiri. Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì purọ́: "Bàbá, ó gbìyànjú. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ìdajì ilẹ̀ yẹn kò so nǹkan kan." Bàbá Àgbà yíjú sí ìyá mi. "Ìyàwó, ṣé ó bọ́ ọ?" Mo ń gbàdúrà pé kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni lásán, kí ó dákẹ́! Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ó bọ́ ọmọ mi, Bàbá. Èmi, kò bọ́ mi yó lójoojúmọ́." Bàbá Àgbà mí kanlẹ̀. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ lójú gbogbo ilé, kò sì í ṣe ẹni tí í pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ìyá Ńlá ló fọ̀pá lu ilẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo pa ìdajì yẹn." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì gbọ́ kí Ìyá Ńlá sọ pé òun ṣe àṣìṣe, n kò sì tún gbọ́ ọ lẹ́yìn ìgbà náà títí ó fi kú. Ó ní, "Gbogbo yín mọ̀ ọ́n, ẹ ń bọ̀wọ̀ fún mi ni. Ìyàwó yìí ti ń já ewé, èmi ni mo dá a dúró. Ó sì dúró nítorí tèmi, ó ń wo oúnjẹ rẹ̀ tó ń kú, kò gbó mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Bí ilẹ̀ kò bá bọ́ ọ, èmi ni kí ẹ kó lọ sí Ọ̀fà." Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ta ló máa gbà yín l'Ọ́fà? Ẹ ó máa bi wọ́n ní súúrà!" Ó wá dákẹ́, ó wo ìyá mi, ó ní, "Bàbá, mo ti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un. Ẹṣin mi á wá ibòmíràn jẹ." Bàbá Àgbà ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ yíká kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó ti bọ́ ọ, ìyàwó. Gbèsè ìdajì tí ẹ̀gbọ́n mi pa wà lọ́rùn ilé, kò sí lọ́rùn rẹ." Mo dìde láàrín àwọn àgbà, mo sáré, mo sì bọ́ sí àyà ìyá mi, kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ó ń sọ pé, "Ó tó, ó tó, Àṣàkẹ́," òun fúnra rẹ̀ sì ń sunkún.

Kò fẹ́ ọkọ míì. Ó gbin tòmátì létí Àsà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ó sì bá mi tọ́ gbogbo ọmọ tí mo bí. Nígbà tó máa lọ, ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, èmi náà ti ń fi ọ̀pá rìn. Inú ilé yẹn ló kú sí, lọ́sàn-án, àwọn ọmọ kéú ń ké lójúde, orí rẹ̀ wà lórí itan mi.